Lọ́rì Agolo Orí Ṣẹ́lífù

Ọjọ́ Ajé, 9 Okúdù

Epo ti kan ojú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n. Kì í ṣe epo mọ́tò o, epo ẹran Iléyá ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ra káàdì iná, n kò pẹ́ rárá, mo padà dé, mo bá àwo ẹran díndín gbàǹgbà lórí tábìlì tí mo fi ń yàwòrán, lórí bébà tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ mẹ́rin.

Mo ní, "Màámi, kí lèyí?"

Wọ́n ní, "Ẹran ni. Tábìlì tìẹ nìkan ni kò sí nǹkan lórí rẹ̀ nínú ilé yìí."

Kò sí nǹkan lórí rẹ̀! Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo fi ìbínú jẹ mẹ́ta nínú ẹran náà. Ó dùn, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Ojú ìwé méjìléláàádọ́ta ni kọ́míìkì yìí. Ọgbọ̀n ti parí, ó ku méjìlélógún. Ọjọ́ tí Agẹmọ bá parí ni mo gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó fẹ́ gbé e jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á tún sún un sí ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún un. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé ó parí nìyẹn, wọn ò ní í sọ ọ́ sójú mi ni.

Mo nu epo kúrò lára lọ́rì tí Bàbá mi ṣe. Ọpẹ́lọpẹ́ pé díẹ̀ ló ta sí i. Mo gbé e padà sáàárín ṣẹ́lífù, láàárín àwọn lọ́rì agolo mẹ́tàlá yòókù. Mẹ́tàlá yẹn, ọwọ́ ọlọ́wọ́ ni mo ti rà wọ́n, ṣùgbọ́n èyí, agolo mílíìkì mẹ́ta ni Bàbá gé fi ṣe é fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ọdún kejì rẹ̀ ni wọ́n kú. Lọ́rì yẹn náà ló wà nínú ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí èrò mẹ́fà tí wọn ò tóbi ju kòkòrò lọ wọ̀, tí wọ́n fẹ́ gbà á sọdá rélùwéè Òṣòdì. Ó rọrùn lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 11 Okúdù

Àǹtí Beatrice dá ogún ojú ìwé àkọ́kọ́ padà láti ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà ní Ire-Akari. Báírò pupa ni látòkè délẹ̀. Olóòtú ni wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá kò tíì kúrò lára wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú bálúùnù, ìyẹn róbótó tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èrò sí, ni wọ́n to àmì ohùn lé lórí. Mo pè wọ́n.

"Àǹtí, kọ́míìkì ni o, kì í ṣe ìdánwò. Àyè inú bálúùnù yẹn kéré. Bí mo bá kó gbogbo àmì yìí sí i, èèyàn á rò pé ẹ̀fọn ló kú síbẹ̀."

"Ìdírísù, bí o kò bá fi àmì sí i, ta ló máa mọ ohun tí wọ́n ń sọ?"

"Gbogbo èèyàn! Ọmọ Yorùbá ni wọ́n."

"Ó dáa. Ojú ìwé tí o ti kọ ọ́ pé 'Fun Baba mi, to se lori'. Lórí kí ni bàbá rẹ ti sè? Lórí ààrò ni àbí lórí sítóòfù?"

"Lọ́rì ni, Àǹtí! Tó ṣe lọ́rì!"

"Ṣé o rí i? Ẹyin lohùn o, Ìdírísù." Wọ́n sì pa fóònù.

Ẹyin lohùn, ẹyin lohùn. Kéréètì ẹyin kan ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìyẹn ná. Màámi gbè mí lẹ́yìn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi tẹ ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n ní, "Kò sí àmì lórí tàìpúráítà wa, ìlú ò sì dàrú." Inú mi dùn pé a rí nǹkan kan fẹnu kò lé lórí lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Okúdù

Òjò pa mí ní Òṣòdì, ṣùgbọ́n n kò kábàámọ̀. Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà òkìrìkà fi àlímánáàkì àtijọ́ bo bàtà rẹ̀ kí òjò má baà pa á. Mo wò ó fínnífínní: ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ẹlẹ́rù, ọdún 1983, àwọn àgbààgbà mẹ́rìnlélógún nínú róbótó-róbótó, pẹ̀lú fìlà lórí.

Ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Mo ní, "Bébà tó o fi ń bo bàtà?" Ó ní, "Bí kò bá wúlò, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà la parí ẹ̀ sí.

Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín àfi akápò. Ọlọ́run ṣeun, mo ti rí ojú ọ̀daràn inú ìwé mi. Àlímánáàkì kejìlá rèé lára ògiri, gbogbo èrò inú lọ́rì mi, ara wọn ni mo ti ń mú imú, ẹnu àti ilà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Okúdù

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínbọ̀wálé kan ilẹ̀kùn. Ó ní òun ló ń ṣe ilé àlejò tuntun kan lọ́ṣọ̀ọ́ ní Ọ̀kọ̀tà, òun rí fọ́tò sítúdíò mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ń wá nǹkan àtijọ́ tí òun máa kọ́ sára ògiri. Èmi ni mo gbé fọ́tò yẹn síbẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn fún wàhálà.

Mo ní ó lè mú méjì nínú àwọn mẹ́tàlá. Kò wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Tààrà ló na ìka sí ti Bàbá.

"Èyí gan-an ni mo fẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Kì í ṣe títà."

"Ẹ̀gbọ́n, kò sóhun tí kò níye."

"Bàbá mi ló ṣe é. Wọ́n ti kú."

"Háà, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó níye lórí!"

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ yìí. Ó ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún náírà lòun máa san. Màámi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un, wọ́n tún fún un ní nọ́ńbà fóònù wọn. Mo béèrè ìdí, wọ́n ní ọmọlúàbí ni, pé ó dọ̀bálẹ̀, àyà rẹ̀ kanlẹ̀. Títí a fi jẹun alẹ́ ni wọ́n ń tún un sọ: "Fún agolo! Agolo mílíìkì!"

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Okúdù

Kò sí iná láti ọjọ́rú. Orí mi gbóná, ilé gbóná, òógùn ń kán sórí yíǹkì.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Okúdù

Màámi dúró lẹ́yìn mi, wọ́n fi dígí sójú, wọ́n ń wo ojú ìwé kẹtàlélọ́gbọ̀n, níbi tí lọ́rì ti ń gun òkè rélùwéè, tí abẹ́ rẹ̀ yọ díẹ̀.

"Abẹ́ rẹ̀ kì í rí báyìí."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kì í rí báyìí. Tú u, kó o wò ó."

N kò lè tú u. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, kó má baà já bọ́ nígbà tá a kó wá sí Jakande. Tí mo bá dé ojú ìwé kejìlélógójì, níbi tí lọ́rì ti máa ṣubú sínú gọ́tà tí á dojú dé, tí á wà bẹ́ẹ̀ fún ojú ìwé mẹ́jọ, nígbà náà ni màá fi sùúrù tú u. Mo sọ fún Màámi pé Bàbá ló ṣe é, èmi ni mo fi ṣeré, ta ló tún kù tó mọ̀ ọ́n jù wá lọ? Wọ́n yọ dígí wọn, wọ́n lọ ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́bọ̀, 26 Okúdù

Ó ti sú mi. Ó ti sú mi pátápátá.

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Omi ilé ìwẹ̀ Ìyá Ọpẹ́mipọ̀, tó ń gbé lókè wa, tún bá tòjò lọ, gbogbo rẹ̀ gba àjà wọlé sí sítúdíò mi. Mo sáré yọ àlímánáàkì, mo sáré gbé lọ́rì, kí n tó dé ìdí tábìlì, ojú ìwé kẹrìndínlógójì ti di ẹ̀kọ tútù. Mo gòkè lọ bá Ìyá Ọpẹ́mipọ̀. Wọ́n ní ṣé àwọn ló ni òjò ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀, Màámi tún bẹ̀rẹ̀ tiwọn. "Ká ní agolo kọ́ ló gba gbogbo ibi tó gbẹ nínú yàrá yìí ni, à bá ti sún tábìlì rẹ síbẹ̀."

Mo pariwo. Mo ní, "Ẹ kó o tà! Ẹ kó gbogbo ẹ̀ tà, kẹ́ ẹ ta èmi náà mọ́ ọn!"

Nírọ̀lẹ́ mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ohun tí mo sọ. Irọ́ ni, wọ́n gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 30 Okúdù

Mo ti tún ojú ìwé kẹrìndínlógójì yà. Ó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé.

Ọjọ́rú, 2 Agẹmọ

Ṣómólú ni mo wà láti àárọ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó ń tẹ èèpo ìwé wò fún mi. Yíǹkì dúdú wà ní gbogbo ìka mi. Atẹ̀wé ń bi mí bóyá pupa yìí tó pupa, ẹ̀rọ ń pariwo, fóònù mi wá dún. Màámi ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mo dà á kọ síbí bó ṣe wà:

"Akinbowale ti de o. O ni oun fe gbe lori yen lo loni. Ki ni ki n se?"

Mo fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo dáhùn: "E ma ta a o." Mo ti fóònù bọ àpò. Inú mi tiẹ̀ dùn pé n kò fi ìbínú dáhùn.

Aago mẹ́rin ni mo wọlé. Mo wo ṣẹ́lífù. Eruku wà káàkiri orí rẹ̀ àfi ibì kan láàárín, tó mọ́ tónítóní, tó ní igun mẹ́rin bíi pákó tí lọ́rì wà lórí rẹ̀.

"Màámi, lọ́rì mi dà?"

"Akínbọ̀wálé ti gbé e. Owó ẹ wà nínú dúrọ́ọ̀, n kò fọwọ́ kàn án."

"Mo ní kẹ́ ẹ má tà á!"

"O ní kí n máa tà á."

"Màámi, mo ní MÁ!"

"O ní MÁA! Ṣé mo ti di aláìmọ̀wé ni?" Wọ́n lọ gbé fóònù wọn wá, wọ́n nà án sí mi nímú. "Kà á."

Mo kà á. E ma ta a o. Mo tún un kà. Bí mo bá fi ohùn tèmi kà á, má ni. Bí mo bá fi ohùn tiwọn kà á, máa ni. Mo dúró síbẹ̀, mo ń ka ọ̀rọ̀ mi bí ẹni tó ń ka ìwé ẹlòmíì.

"Ó yẹ kẹ́ ẹ ti mọ̀, Màámi! Ẹ mọ bí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ tó!"

"Báwo ni n ó ṣe mọ̀? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo pariwo mọ́ mi pé kí n kó gbogbo ẹ̀ tà, kí n ta ìwọ náà mọ́ ọn. Nígbà tí mo rí èsì ẹ, mo ní ọmọ mi ti gbọ́n. Mo tiẹ̀ ṣàdúrà fún ẹ."

Wọ́n ṣàdúrà fún mi! Mo pe Akínbọ̀wálé lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kò gbé e.

Ó dùn mí. Mo kọ ọ́ síbí kó yé mi: ó dùn mí wọra. Nǹkan kan ṣoṣo tí Bàbá mi fọwọ́ ara wọn ṣe fún mi láyé nìyẹn, èmi náà ni mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé kí wọ́n tà á.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

N kò bá Màámi sọ̀rọ̀. Wọ́n se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Agẹmọ

Mo wá ilé àlejò náà kàn ní Ọ̀kọ̀tà. Mo kó owó tí wọ́n san dání. Akínbọ̀wálé ló jáde wá pàdé mi tẹ̀ríntẹ̀rín, tó tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo bó ṣe rẹwà!"

Mo wò ó. Wọ́n ti fi pẹ́ẹ̀ntì aláwọ̀ góòlù wọ́n ọn látòkè délẹ̀. Kò sí àwòrán màlúù mílíìkì lára rẹ̀ mọ́, kò sí lẹ́tà, kò sí ibi tó dógùn-ún tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ ojú ara mi. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun lẹ pákó rẹ̀ mọ́ ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà kan àti rédíò kan, gbogbo wọn ní góòlù.

Mo ní, "Gba owó rẹ, kó o tú u fún mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ó máa ya ni. Mádáámù tó nilé sì ti rí i, wọ́n ti fẹ́ràn ẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ tà á, nígbà tẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ tà á?"

Ṣé kí n máa ṣàlàyé àmì ohùn fún un nínú yàrá ìgbàlejò àwọn olówó? Mo kó owó náà, mo fẹsẹ̀ rìn padà wá sí Jakande nínú òjò wínníwínní. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ara mi ni mò ń bú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Mo ti dé ojú ìwé kejìlélógójì, mo sì ti dé òpin ọ̀nà. Lọ́rì gbọ́dọ̀ dojú dé. Fọ́tò lọ́rì yẹn tó wà lọ́wọ́ mi lé ní àádọ́ta: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè. Kò sí ẹyọ abẹ́ kan. Mo fi wáyà kan gbọọrọ sí i, táyà méjì sí ẹnu rẹ̀, ó dà bí ohun tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ya bébà náà. Mo tún òmíì yà, mo tún ya ìyẹn náà sí wẹ́wẹ́. Àwọn mẹ́tàlá tó kù lórí ṣẹ́lífù, mo dojú wọn délẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó jọ ọ́. Táyà gbogbo wọn ń dún kẹẹ bí wọ́n bá ń yí, ti Bàbá kì í dún. N kò mọ ohun tí wọ́n ṣe sí i.

Àǹtí Beatrice pè láti béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, máa àti má. Mo gbọ́ tí wọ́n ń tiraka láti má rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ lẹ́nu wọn níkẹyìn.

"Àǹtí, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ."

"Ìdírísù, máa èwo nìyẹn?"

Mo fẹ́ ju fóònù mọ́lẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀ mí, wọ́n ní ó dun àwọn náà, ṣùgbọ́n àwọn ò lè fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ tó wà nílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Agẹmọ

Mo fẹ́ kọ tòní yìí dáadáa.

Mo pinnu pé èmi fúnra mi máa ṣe lọ́rì kan kí n lè rí abẹ́ rẹ̀. Mo ra agolo mílíìkì mẹ́fà nísàlẹ̀, mo da mílíìkì inú wọn sí abọ́. Màámi ní, "Ta ló máa mu gbogbo èyí?" N kò tíì dárí jì wọ́n tán. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo jókòó sílẹ̀. Agolo kejì ni mo dé tí irin fi gé mi ní àtàǹpàkò. Ẹ̀jẹ̀ dà sórí agolo, sórí sòkòtò, síbi gbogbo.

Màámi yọ láti ilé ìdáná. Wọ́n fa ọwọ́ mi sábẹ́ omi, wọ́n fi àkísà mímọ́ dì í, wọ́n ń bú mi bọ̀ látòkè délẹ̀. Wọ́n wá wo agolo.

"Ta ló kọ́ ẹ pé ẹnu ni wọ́n ti ń gé agolo? Ìdí ni wọ́n ti ń gé e! Dìde níbẹ̀."

Wọ́n jókòó sórí àga mi. Láti ọdún mẹ́wàá, wọn ò jókòó síbẹ̀ rí. Wọ́n fi dígí sójú, wọ́n mú agolo, wọ́n gé ìdí rẹ̀ yípo, wọ́n la ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ìdí ṣíbí tẹ etí irin náà mọ́lẹ̀ kó má baà gé èèyàn lọ́wọ́. Wọn ò ronú rárá kí wọ́n tó ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo àtàǹpàkò wọn. Àpá kan wà níbẹ̀ tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ lára tèmi gan-an ló wà.

"Màámi, kí ló fa àpá yín yìí?"

"Agolo ni."

"Ọ́fíìsì lẹ máa ń sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀."

"Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Wọ́n ká agolo. "Lọ bá mi wá báírò kan tí yíǹkì ẹ̀ ti tán."

Mo mú un wá. Wọ́n yọ inú rẹ̀ dànù, wọ́n gé ọ̀pá rẹ̀ sí méjì, wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ dì í mọ́ abẹ́ lọ́rì, wọ́n wá ti wáyà kẹ̀kẹ́ bọ inú ọ̀pá báírò náà. Wọ́n gé táyà lára sílípáàsì mi láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n tì í. Ó yí lọ jẹ́ẹ́, kò dún.

Mo tún tì í, kò dún.

"Màámi. Ta ló ṣe lọ́rì yẹn?"

Wọ́n yọ dígí wọn. "Ọdún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ aṣọ tí bàbá ẹ ń wakọ̀ fún pa ni. Bàbá ẹ ò wa ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Á jáde láàárọ̀ lọ wáṣẹ́ ní Òṣòdì, á padà lọ́wọ́ òfìfo. Kò lè wo ojú ẹ. Ìwọ náà ń sunkún lọ́rì agolo tí Táyọ̀, ọmọ ojúlé kejì, ń wọ́ kiri. Mo gé e ní ọ́fíìsì nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo fi báírò ìjọba ṣe abẹ́ ẹ̀. Mo lọ dúró de bàbá ẹ lójú ọ̀nà, mo ní kó gbé e wọlé fún ẹ, kó sọ pé òun lòun ṣe é."

"Ẹ ò sì sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Kí n sọ kí ni? Pé bàbá ẹ purọ́? O sáré lọ dì mọ́ ọn lọ́rùn. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti rí ẹ̀rín ẹ̀ gbẹ̀yìn."

Mo sunkún níwájú wọn, n kò tijú. Mo tọrọ àforíjì ọ̀sẹ̀ kan tí n kò fi bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ohun tí mo fọwọ́ ṣe, mo lè fọwọ́ ṣe òmíì," ni wọ́n wí. "Ìwọ lo sọ agolo di òrìṣà. Mo sì sọ fún ẹ pé abẹ́ ẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀, ṣé o gbọ́?"

N kò gbọ́. Mo yí lọ́rì tuntun náà padà, mo mú pẹ́ńsùlù.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Agẹmọ

Ọjọ́ kẹta rèé tá a ti ń mu mílíìkì. Mílíìkì nínú ògì, mílíìkì nínú tíì, mílíìkì nínú gààrí. Màámi ní èmi ni mo rà á, èmi ni màá mu ún tán. Wọ́n ti ṣe lọ́rì kejì torí pé ti àkọ́kọ́ wọ́ díẹ̀ lójú tiwọn. Wọ́n tún wá ń bá mi wo àwòrán: táyà yẹn tóbi, wáyà yẹn kò dì dáadáa, ṣé bí báírò ṣe ń rí nìyẹn? Àǹtí Beatrice kan ti pọ̀ jù fún mi, mo ti ní méjì báyìí.

Ọjọ́rú, 23 Agẹmọ

Ojú ìwé kọkàndínláàádọ́ta. Àwọn èrò mẹ́fà ń ti lọ́rì kó lè dìde. Mo ti ń fi àmì ohùn sí bálúùnù fúnra mi. Ó ń jẹ àyè, ó ń jẹ ojú, ó ń jẹ àkókò, ó ń bí mi nínú lójoojúmọ́. Mò ń fi í sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Agẹmọ

Wàhálà míì. Mo fẹ́ yí ojú ìwé tí mo ti kọ orúkọ Bàbá sí. Màámi ní kí n má dán an wò. "O ò ní í sọ fún gbogbo ayé pé bàbá ẹ purọ́. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà." Mo ní n kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Wọ́n ní irọ́ náà ti tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò pa ẹnikẹ́ni. A jà títí oúnjẹ fi tutù.

Ọjọ́bọ̀, 31 Agẹmọ

Mo kó gbogbo ojú ìwé méjìléláàádọ́ta lọ sí Ire-Akari. Àǹtí Beatrice ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, báírò pupa wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dé ojú ìwé tó ṣáájú gbogbo rẹ̀, wọ́n kà á sókè:

"Fún Màámi, tó gé agolo, àti Bàbá mi, tó gbé e wálé."

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n dé báírò wọn. "Kò sí àṣìṣe níbẹ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n gba ìwé náà. Wọ́n gbà á! Wọn ò sún un.

Mo jáde, fóònù dún. Màámi ni: "Ma bo o, ounje ti jina." Mo dúró lójú títì, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń ta búrẹ́dì fi béèrè bóyá ara mi yá. Ká ní n kò mọ̀ wọ́n ni, ǹ bá sùn síta.

Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ń kírun lọ́wọ́ ní yàrá wọn. Mo lọ sí sítúdíò. Lọ́rì tuntun ti wà láàárín ṣẹ́lífù, níbi tó mọ́ lójú eruku yẹn. Wọ́n fi bébà kékeré kan ti iwájú rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé tiwọn ni, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà: Ẹ MÁ TÀ Á.

Wọ́n tẹ àmì orí MÁ yẹn débi pé báírò dá bébà lu.